Àwọn Ọmọbìnrin Chibok Kì í Ṣe Ti Ẹgbẹ́ Òṣèlú Kankan

Àwọn àgbà ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ, nítorí pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún ni ọkàn ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù ń fò sókè. Inú irú ìrora bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí kan wà nílùú Chibok, ní ìpínlẹ̀ Borno, láti òru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014 tí àwọn Boko Haram ya wọ ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin, tí wọ́n sì kó 276 lọ. Àwọn 57 ráyè sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Nínú 219 tó kù, 21 gba òmìnira ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, 82 ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn mélòó kan sì tún jáde láti inú igbó lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún mẹ́wàá pé, àwọn tí kò tíì padà sílé ṣì lé ní 80.

Ohun tó ń dùn wá lónìí ni ohun tí àwa ọmọ Nàìjíríà fi ìṣọ̀kan tí àjálù yẹn bí láàárín wa ṣe. Kí a rántí bó ti rí. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn obìnrin wọ aṣọ pupa, wọ́n wé gèlè pupa, wọ́n sì rìn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá nínú òjò ńlá, tí omi ń ṣàn lójú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò fi lè mọ èyí tó jẹ́ omijé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń jókòó lójoojúmọ́ ní Unity Fountain, níbi tí wọ́n kọ orúkọ ìpínlẹ̀ 36 sí. Oníhíjáàbù jókòó ti ẹni tó fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kọ́rùn, ará Èkó ń sọkún ọmọ tí kò mọ̀ rí ní Borno, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè ẹgbẹ́ tó ń ṣe.

Kò pé oṣù kan tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn tó sún mọ́ ìjọba ìgbà náà ń sọ pé irọ́ ni, pé ẹ̀tẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi kan ààrẹ. Ní ìparí oṣù karùn-ún, àwọn jàǹdùkú ya bo àwọn tó jókòó sí Unity Fountain, wọ́n sì fọ́ àga wọn. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, àwọn kan ti sọ igbe àwọn ìyá wọ̀nyẹn, “Bring Back Our Girls” (ẹ dá àwọn ọmọbìnrin wa padà), di ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò lára pátákó, ohun ìtìjú tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n yọ kúrò. Ẹgbẹ́ alátakò náà kò mọ́wọ́ dúró, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà káàkiri bí ẹni gbé àsíá. Nígbà tí ìjọba sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo jù lọ panu mọ́, àwọn tó ti ń pè é nírọ́ sì wá di oníbèéèrè. Ní ọdún 2016, lábẹ́ Ààrẹ Muhammadu Buhari, àwọn ọlọ́pàá ṣì ń dínà mọ́ àwọn tó fẹ́ rìn lọ sí Aso Rock.

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí orílẹ̀-èdè tó lè máa ṣọ̀fọ̀ títí ayé, pé ebi ń pa kálukú nílé rẹ̀. Òótọ́ ni, a kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ẹkún rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹkún dá, ìbéèrè náà sì dá pẹ̀lú rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe wa wà. Ní oṣù kejì ọdún 2018, wọ́n kó ọmọbìnrin 110 ní Dapchi, Leah Sharibu kò sì bá àwọn yòókù padà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n kó ọmọkùnrin tó lé ní 300 ní Kankara. Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ òkè ọya ni, kó rántí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí wọ́n dá bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé dúró ní Èmùré-Èkìtì, tí wọ́n sì wọ́ àwọn ọmọ náà wọgbó pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn. Àwọn òbí wọn lo ọjọ́ bíi mélòó kan nínú ohun tí àwọn òbí Chibok ti wà nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

A ń béèrè pé kí ààrẹ tó bá wà lórí oyè, láti ẹgbẹ́ yòówù kó ti wá, máa dúró níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì ní gbogbo ọjọ́ 14 oṣù kẹrin. Kó sọ iye tó jáde nínú owó ààbò iléèwé, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ láti oṣù karùn-ún ọdún 2014, kó sì dárúkọ iléèwé tí wọ́n fi mọ ọgbà yí ká. Àwa oníwèé ìròyìn náà ní ẹ̀bi tiwa, nítorí pé àyájọ́ nìkan la ń rántí Chibok. Ní ọjọ́ náà, kí wọ́n ka orúkọ àwọn tó kù níkọ̀ọ̀kan, kí àwọn òbí wọn tó ṣì wà láàyè sì jókòó sí ìlà iwájú, níbi tí àwọn gómìnà máa ń jókòó sí.