Kò sí dátà, àmọ́ fóònù yín mọ ibi tí ẹ wà

Tí èèyàn bá ti fi Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀, tó gba ọ̀nà oko lápá Oríire, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í pẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ọ: "Ẹ gbé fóònù yẹn sápò jàre. Kò sí dátà, kò lè mọ ibi tí a wà mọ́." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́kadà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́. Kì í ṣe òótọ́, ó sì ń dùn mí, torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ á lọ pa ohun tó lè mú un délé.

GPS ni fóònù fi ń mọ ibi tó wà, kò sì bá òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì da nǹkan kan pọ̀. Àwọn sátẹ́láìtì kan, tó lé ní 24, tí Amẹ́ríkà gbé sókè, ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń kéde iye tí aago lù lọ́dọ̀ wọn. Fóònù kàn ń tẹ́tí ni, kì í fèsì. Bí ìkéde kọ̀ọ̀kan bá ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà ló fi ń ṣírò bó ṣe jìnnà sí i tó. Tó bá ti gbọ́ ti mẹ́rin, ó ti mọ ibùdó rẹ̀. Ṣé ẹni tó ń gbọ́ rédíò ń ra dátà ni?

Àwòrán ilẹ̀ ló ń jẹ dátà. Tí kò bá sí lórí fóònù, àmì búlúù tó ń fi ibi tí ẹ wà hàn á dúró sójú òfìfo, ẹ ó sì rò pé fóònù ò mọ ibi tó wà. Ẹ wà á sílẹ̀ láti ilé, lórí Google Maps tàbí Organic Maps. Lóòótọ́, láìsí dátà, ó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó mọ ibi tó wà, pàápàá lábẹ́ igi. Ẹ dúró sí gbangba.

Lọ́jọ́ ọyẹ́ kan, èmi àti Bàbá Kékeré lọ wo oko kajú. Oòrùn ò yọ rárá. Wọ́n ní kí n pa máàpù, kọ́ńpáàsì fóònù tiwọn la tẹ̀ lé. A rìn títí ó fi rẹ̀ wá. Nígbà tí mo yọ́ fóònù mi wò, ńṣe là ń jìnnà sí ibi tí a gbé ọ̀kadà sí! Òòfà tó wà lẹ́nu àpò fóònù wọn ló ń fa kọ́ńpáàsì náà kiri. A bọ́ àpò náà, a fi fóònù kọ 8 nínú afẹ́fẹ́ bí ẹ̀ẹ̀melòó kan, àríwá tiwọn wá bá tèmi mu.

Ní báyìí, kí Bàbá Kékeré tó sọ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n á ní, "Ṣé o ti sàmì síbí lórí máàpù?"