“Bí mo bá rí i lójú fídíò, màá mọ̀”: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ayédèrú ènìyàn tí wọ́n fi AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, ṣe ò lè tan òun jẹ. Wọ́n á ní kí á ka ìka ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó pé mẹ́fà, kí á wò ó bóyá ó ń ṣẹ́jú, kí á wo bí ètè rẹ̀ ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìmọ̀ràn yìí kún orí WhatsApp, ìfẹ́ ló sì mú kí àwọn èèyàn wa máa fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ìdánilójú tí a ní nínú ojú ara wa gan-an ni àwọn oníjìbìtì ń lò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hong Kong ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka ìnáwó Arup, iléeṣẹ́ àwọn ẹnjiníà ìkọ́lé, rí ímeèlì gbà, bíi pé ọ̀gá tó ń bójú tó owó iléeṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́, pé kó bá òun san owó kan ní bòókẹ́lẹ́. Ara fu ú. Ó rò pé jìbìtì ni. Wọ́n wá pè é sí ìpàdé orí fídíò. Ó rí ọ̀gá náà, ó rí àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tó dá mọ̀, ó gbọ́ ohùn wọn. Ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀. Ó fi owó ránṣẹ́ nígbà 15 sí àkáǹtì 5, gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 200 dọ́là Hong Kong, tó tó mílíọ̀nù 25 dọ́là Amẹ́ríkà. Nínú ìpàdé yẹn, òun nìkan ni ènìyàn gidi.

Ìfura rẹ̀ ló tọ̀nà. Ohun tó fi ojú rí ló pa ìfura náà. Àwọn ọlọ́pàá ní fídíò tó wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe àwọn ayédèrú náà. Àwọn ojú inú fídíò náà ní kí òṣìṣẹ́ náà sọ ẹni tó jẹ́, wọ́n pàṣẹ fún un, wọ́n sì tú ìpàdé ká. Kò sí ìtàkùrọ̀sọ kankan. Ta ló máa ń já lu ọ̀gá lẹ́nu? Ibí yìí ló kàn mí jù nípa àwa Yorùbá, torí wọ́n tọ́ wa dàgbà pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ká dákẹ́, ká ní “ẹ ṣeun, sà”. Ayédèrú tí kò lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo yóò rí tiẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní bèèrè.

Ní ti ojú nìkan, àwọn olùwádìí méjì, Sophie Nightingale àti Hany Farid, ti yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ìwádìí wọn tó jáde lọ́dún 2022, wọ́n fi àwòrán ojú han èèyàn 315, kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ti ènìyàn àti èyí tí kọ̀ǹpútà dá. Ìdá 48.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbà. Ẹni tó di ojú méjèèjì tó kàn ń méfò náà á gba bíi 50. Wọ́n kọ́ àwọn mìíràn ní àṣìṣe tí wọ́n á máa wò, àwọn yẹn ò sì kọjá 59. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn èèyàn tilẹ̀ rí ojú ayédèrú bí ẹni tó ṣeé fọkàn tán ju ti ènìyàn gidi lọ.

Kí ló dé tí àṣìṣe inú ayédèrú kì í pẹ́ nílẹ̀? Ọ̀nà tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Ian Goodfellow, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2014, tí wọ́n fi dá irú àwọn ojú tó wà nínú ìwádìí yẹn, so ẹ̀rọ méjì pọ̀. Ọ̀kan ń ya ojú, èkejì ń wá ibi tó ti jọ ayédèrú, bí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tí ọ̀gá ń dá aṣọ rẹ̀ padà títí tí kò fi sí ibi tí ọ̀gá lè tọ́ka sí mọ́. Lọ́dún 2018, onímọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn, Siwei Lyu, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kíyè sí i pé ayédèrú kì í ṣẹ́jú dáadáa, nítorí fọ́tò ẹni tó dijú ò pọ̀ nínú èyí tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tó ń ṣe é fi wá fídíò tó ń ṣẹ́jú jáde. Ìmọ̀ràn ọdún 2018 yẹn ṣì ń kiri láti fóònù dé fóònù.

Nítorí náà, bí ọmọ yín tó wà ní London bá pè lórí fídíò pé wọ́n mú òun, kí ẹ tètè fi owó ránṣẹ́, ẹ má jókòó ti eyín rẹ̀ tí ẹ ń wò. Ẹ gé ìpè náà. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ nọ́ńbà rẹ̀ tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, kí ẹ pè é padà. Bí kò bá gbé e, ẹ pe ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Ìbéèrè kan ló gba ọ̀gá kan ní Ferrari, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, là ní 2024. Ohùn ọ̀gá àgbà pátápátá ló gbọ́ lórí fóònù, ló bá ní kó rán òun létí ìwé tó sọ fún òun pé kí òun kà lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Oníjìbìtì náà gé fóònù.

Ẹ bi í ní ohun tí kò sí lórí Facebook. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí, kì í ṣe oríkì tí gbogbo ẹbí fi ń kí i lábẹ́ fọ́tò. Ó sàn kí ẹ jọ mú ọ̀rọ̀ kan tí ilé yín nìkan mọ̀, kí ẹ sì fẹnu sọ ọ́ fún ara yín nígbà tí ẹ bá ríra lójúkorojú. Ẹ má kọ ọ́ sórí WhatsApp.