Èsì sí oníbàárà wa ní Ìbàdàn tí ó fún soundbar 5.1.2 ní ìràwọ̀ méjì

Alàgbà wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú sùúrù. A ti ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ọjà wa: pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀, tí ẹ sì ń wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ra soundbar náà (sípíkà gbọọrọ tí a ń gbé síwájú tẹlifíṣọ̀n), pé wáàtì 1000 tí a kọ síbẹ̀ kò borí home theatre àtijọ́ tí ẹ ń lò, pé ohùn tí gbogbo ènìyàn ní ó máa ń ti òkè wá kò dún rárá ní pálọ̀ yín, àti pé ẹ rí irú rẹ̀ ní owó tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìkànnì ìtajà kan ní Amẹ́ríkà. N kò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ìràwọ̀ kún un, nítorí pé àwa ni a jẹ̀bi ọ̀rọ̀ wáàtì yẹn.

Wáàtì 1000 ni ó wà lára páálí, bí a sì ti rí i ni a dà á kọ, láìsọ fún yín pé agbára tí ẹ̀rọ náà lè tú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, kì í ṣe èyí tí ó lè máa gbé láìsinmi, tí àwọn oníṣẹ́ ohùn ń pè ní RMS. Ẹ yí ẹ̀yìn soundbar náà àti ti subwoofer, sípíkà tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, wò, níbi tí wáyà iná ti wọlé: iná tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ kò ju wáàtì 105 lọ, ẹ̀rọ kò sì lè máa fi iná tí kò jẹ pariwo. Àrékérekè yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Àlàbá o. Láti ọdún 1974 ni FTC, àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ti ṣe òfin lórí bí àwọn tí ń ta amplifier, ẹ̀rọ tí ń fún sípíkà ní agbára, ṣe gbọ́dọ̀ kéde wáàtì rẹ̀. Bí ẹ bá tún ń wo ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, RMS ni kí ẹ máa wá, kí ẹ sì mọ̀ pé bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè) 3 péré ni ó fi kún ohùn. A ti tún ojú ewé ọjà náà kọ láti àná.

Ní ti ohùn òkè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Nínú àwòrán tí ẹ fi sí i, mo rí i pé inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni ẹ ti soundbar náà bọ̀, tí pákó sì bò ó lórí. Èjì tí ó gbẹ̀yìn nínú 5.1.2 ni sípíkà kékeré méjì tí ó kọjú sókè. Ohùn wọn gbọ́dọ̀ lu àjà ilé kí ó tó padà sọ̀ sí etí ẹni tí ó jókòó. Pákó yẹn ni ó ń dí i lọ́nà. Ẹ gbé e jáde sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí nǹkan kan má ṣe wà lókè rẹ̀. Inú mi dùn pé àjà yín tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí èyí tí ó dà gẹ̀rẹ́ kì í jẹ́ kí ohùn padà síbi tí ó yẹ.

Ẹ tún kọ ọ́ pé wáyà optical àtijọ́ ni ẹ fi so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wáyà yẹn kò lè gbé Dolby Atmos, ìyẹn irú ohùn tí ó ní ti òkè nínú. HDMI ni kí ẹ lò, kí ẹ fi í sínú ihò tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ ètò ohùn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì yí i kúrò ní PCM sí Auto tàbí Pass Through. Ọmọ iṣẹ́ wa tí ó bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni ó yẹ kí ó ti béèrè èyí. Fídíò YouTube tí ẹ fi dán an wò náà, tí wọ́n kọ Atmos gàdàgbà sí àkọlé rẹ̀, orúkọ lásán ni. YouTube kì í gbé Atmos. Fíìmù tí ó ní àmì Atmos lórí Netflix ni kí ẹ fi dán an wò, ètò ìsanwó tí owó rẹ̀ ga jù lọ níbẹ̀ ni ó sì ń gbé e. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí a ṣe ń fi sípíkà fóònù gbọ́ fídíò ẹni tí ń yin soundbar, tí a ó sì rò pé soundbar gan-an ni a gbọ́.

Ti owó Amẹ́ríkà kò gba àlàyé púpọ̀: volt 120 ni iná wọn, 230 ni tiwa, àwọn ẹ̀rọ kan tí wọ́n sì ń tà níbẹ̀ kò lè gba tiwa. Owó ọkọ̀ kò sì sí nínú iye tí ẹ rí.

A ó fi wáyà HDMI kan ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí kò sì tíì tẹ́ yín lọ́rùn láàárín ọjọ́ 14 tí wáyà náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ dá a padà pẹ̀lú páálí àti fóòmù inú rẹ̀, àwa ni a ó san owó ọkọ̀, ẹ ó sì mú owó yín tàbí home theatre 5.1 tí sípíkà rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ńbà tí ó wà lára rìsíìtì yín ni kí ẹ pè, kí ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ wáyà Ìbàdàn ni. Wọn yóò gbé e fún mi.