Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Mona Lisa dí wa nímú

Ìbòmú aláwòrán tí wọ́n ń tà kiri Under G l'Ógbòmọ̀ṣọ́ nígbà ọyẹ́ yìí ti sú mi. Wọ́n ní ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé tún lò. Ẹ fi èékánná họ ojú àwòrán yẹn ná. Tó bá ń dán, tó ń bó bí èépá, ọ̀rá ni wọ́n fi iná lẹ̀ mọ́ aṣọ. Èémí ò lè gba inú ọ̀rá kọjá. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń bá lọ, ibẹ̀ náà leruku ń gbà wọlé. Ẹni tó wọ̀ ọ́, tó ń fẹ́ àbẹ́là láti fi dán an wò, á ní ó dáa, torí iná ò ní kú. Irọ́ ni! Ẹ gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kẹ́ ẹ tó fẹ́ ẹ, ẹ ó mọ ibi tí atẹ́gùn gbà.

Ìránṣọ rẹ̀ wá ńkọ́? Wọ́n gbé ojú Mona Lisa, obìnrin tí Leonardo da Vinci kùn, sórí ìbòmú tó ní ojú-rírán láàárín: abẹ́rẹ́ la imú rẹ̀ sí méjì, ihò abẹ́rẹ́ sì tò síbi tí èémí ti le jù. Èyí tó ní pílíìtì, ínṣì 10 sí 6 tẹ́ ẹ ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ẹ̀rín rẹ̀ ti wọnú ìṣẹ́po. Tó bá di dandan, ẹ mú òfuurufú alẹ́ tí ayàwòrán van Gogh kùn ní 1889. Ìràwọ̀ ló kún ibẹ̀, kò síbi tí sísọ́ọ̀sì gbà tó máa bà á jẹ́.

Wáyà bíríkìlà kọ́ là ń fi sí imú o. Ìfọṣọ díẹ̀, ó ti dógùn-ún.

Ó wù mí kí n ní kí gbogbo wa padà sí àdìrẹ. Àmọ́ ní oṣù kẹfà 2020, nígbà kòrónà, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí òwú wà nínú ìbòmú aṣọ, kí ìpele ìta jẹ́ aṣọ tí kì í fa omi, bíi pọliẹ́sítà. Òwú ni àdìrẹ sábà máa ń jẹ́. Ẹ gbé e sínú, aró á lẹ̀ mọ́ yín létè, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ṣàn án títí omi rẹ̀ fi mọ́. Sublimation, ìyẹn fífi ooru tẹ àwòrán wọnú aṣọ, ní tiẹ̀, pọliẹ́sítà ló ń mú: ooru bíi 200°C ló ń sọ íǹkì di gáàsì wọnú fọ́nrán aṣọ, kì í bó, kì í sì dí èémí. Àwòrán òyìnbó ló wá bá ìta mu jù yìí! Ẹ lè tẹ Ìbàdàn dùn, àwòrán àdìrẹ wa, náà sórí pọliẹ́sítà o, àmọ́ kọ́bọ̀ ibẹ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ aláró kankan.