Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ: ọ̀rọ̀ George Stephenson àti ọmọ ẹ̀

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó dáadáa, ìdajì ẹ̀ la máa ń lò. A máa ń fi rán ọmọdé létí pé àgbà ló lè gbé nǹkan orí pẹpẹ, a kì í sábà fi rán ara wa létí pé kèrègbè wà nílẹ̀ tí ọwọ́ tiwa ti tóbi jù fún ẹnu ẹ̀.

Mẹkáníìkì ni bàbá mi, wọn ò kàwé rárá. Tí wọ́n bá ra páàtì ọkọ̀ tuntun, wọ́n á dúró títí kọ́sítọ́mà á fi lọ kí wọ́n tó pè mí wá ka ohun tó wà lára páálí ẹ̀ fún wọn, ohùn wọn á sì lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ báyìí. Ojú ń tì wọ́n. Ó ń dùn mí dòní torí pé kò sí nǹkan ìtìjú kankan níbẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí n fẹ́ràn ìtàn ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n ń pè ní George Stephenson, ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní bàbá rélùwéè.

Ìlú Wylam ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1781, lẹ́bàá odò Tyne ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá ẹ̀ ló ń koná ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń fa omi kúrò nínú kòtò èédú. Bàbá ò mọ̀wé, ìyá ò mọ̀wé, owó iléèwé ò sí, òun náà sì dàgbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ìyá ẹ̀, á tú u palẹ̀, á nù ún, á tò ó padà. Ìgbà tó di ọmọ ọdún 18 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí iléèwé alẹ́, owó iṣẹ́ ara ẹ̀ ló fi ń san án. Ẹ rò ó wò ná, ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì odidi kòtò èédú sí níkàáwọ́, tó wá jókòó tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni.

Ìyà ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kó sinmi. Ó gbéyàwó, wọ́n bí Robert lọ́dún 1803, wọ́n bí obìnrin tẹ̀ lé e, ọmọ yẹn kú lọ́mọ jòjòló, ìgbà tó di 1806 ikọ́ ife pa ìyàwó náà. Ìjàǹbá níbi iṣẹ́ tún fọ́ bàbá ẹ̀ lójú. Stephenson ń ṣiṣẹ́ kòtò, ó ń tún bàtà ṣe, ó ń tún aago ṣe, kó ṣáà lè rówó gbọ́ bùkátà. Lọ́dún 1811, ẹ́ńjìnnì kan ní Killingworth kọ̀ kò fa omi mọ́, àwọn tó yẹ kó mọ̀ ọ́n ti ṣe é tì. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Ó tún un ṣe, omi gbẹ nínú kòtò, ọdún kejì wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àwọn ẹ́ńjìnnì ibẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1814 ó ti ṣe ọkọ̀ ojú irin tiẹ̀, Blücher, tó ń wọ́ èédú 30 tọ́ọ̀nù gun òkè ní máìlì 4 láàárín wákàtí kan. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ láyé o, Richard Trevithick ti ṣe tiẹ̀ lọ́dún 1804.

Ibi tí òwe wa ti wọlé rèé. Ó mọ̀ pé àìmọ̀wé ń dí òun lọ́wọ́, ló bá rán Robert lọ síléèwé gidi ní Newcastle, ó tún ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún un kó máa gùn ún lọ gùn ún bọ̀. Ṣùgbọ́n kò wá sọ pé ó tán, ọmọ ti mọ̀wé, èmi ti bọ́. Tí Robert bá dé nírọ̀lẹ́, òun àti bàbá ẹ̀ á jọ jókòó ti ìwé tó yá wálé, èyí tí wọn ò bá gbà kó gbé jáde á ya àwòrán inú ẹ̀ wá. Ọmọ ń kàwé, bàbá ń ṣàlàyé bí irin ṣe ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, èyí tí ò sí nínú ìwé. Kò tì í lójú kí ọmọ ẹ̀ rí i pé kò mọ nǹkan kan, ibẹ̀ gan-an ni mo ti bọ̀wọ̀ fún un ju ibi ẹ́ńjìnnì lọ.

Ẹ wá wo ọdún 1825. Wọ́n fẹ́ ṣe rélùwéè láti Liverpool dé Manchester, Stephenson lọ ṣẹ̀rí nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, lọ́yà kan tó ń jẹ́ Edward Alderson sì wọ̀ ọ́ níjà ọ̀rọ̀. Ìwọ̀n ilẹ̀ tó gbé wá ò péye, àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló wọ̀n ọ́n, òun ò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n dójú tì í gan-an, wọ́n da ìwé òfin tí wọ́n fẹ́ fi gbàṣẹ rélùwéè náà nù, wọ́n gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Robert ò sí nílé nígbà yẹn, ó ti lọ sí Kòlóḿbíà láti 1824 lọ ṣiṣẹ́ ìwakùsà. Mi ò sọ pé tó bá wà nílé wàhálà yẹn ò ní ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kèrègbè ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yẹn.

Síbẹ̀, lọ́dún yẹn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, rélùwéè Stockton àti Darlington tó ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì padà pè é sí ti Liverpool nígbà tí òfin kejì jáde ní 1826. Irà ńlá kan wà lójú ọ̀nà náà, Chat Moss, tí àwọn onímọ̀ ti sọ pé ẹni tórí ẹ̀ pé kì í gba ibẹ̀. Stephenson kó ẹ̀ka igi àti koríko jọ ní ìdì ìdì, ó tò ó sórí irà títí ó fi lè gbé irin dúró. Àgbà ló lọwọ́ tó tó pẹpẹ yẹn.

Robert padà dé ní ìparí 1827. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìdíje ẹ́ńjìnnì ní Rainhill ní oṣù kẹwàá 1829, Robert ló dúró lórí iṣẹ́ Rocket, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀, ní ilé iṣẹ́ wọn ní Newcastle. Henry Booth, tó jẹ́ akọ̀wé rélùwéè náà, ló mú un wá pé kí wọ́n fi páìpù kéékèèké púpọ̀ sínú bọ́ílà kí omi lè tètè hó, 25 ni wọ́n fi sí i. Rocket nìkan ló parí eré náà, ó gba £500. Gbogbo ayé ń pe Rocket ní ti George, àmọ́ ọwọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọ rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021, ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 8½ tó wà láàárín irin méjèèjì, ìwọ̀n tí Stephenson lò ní Liverpool náà ni. Ti àtijọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1901 fún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà ẹ̀yin bàbá àti ìyá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí kọ́sítọ́mà bá lọ kẹ́ ẹ tó bi ọmọ yín léèrè. Ẹ pè é síwájú kọ́sítọ́mà. Ìwọ ọmọ tó ti ka yunifásítì náà, tó o bá délé tó o bá dádì lábẹ́ ọkọ̀, bọ́ ẹ̀wù ẹ, wọ abẹ́ ẹ̀ lọ bá wọn, nǹkan wà níbẹ̀ tí lẹ́kíṣọ̀ ò fi hàn ẹ́.

Ilé tí Stephenson gbé ní Killingworth ṣì wà. Aago kan wà lókè ẹnu ọ̀nà ẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi òjìji òòrùn ń wo àkókò. Robert ló wá ìṣirò ẹ̀ nínú ìwé, ọmọ ọdún 12 ni, bàbá ẹ̀ bá a gbẹ́ òkúta, wọ́n jọ gbé e kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ni ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ 1816.