Èdè Wo Ni Kí Wọ́n Fi Bá Yín Sọ Ọ̀rọ̀ Ilé Yín?

Èrò ọkàn mi rèé. Ní Maryland níbí, ní Amẹ́ríkà, mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan nínú ìjọ wa nígbà tó ń fi fóònù kọ fọ́ọ̀mù owó tí yóò fi ra ilé. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti béèrè èdè tó wù ú, ó yíjú sí mi pé, "Ṣé tí mo bá kọ Yorùbá, wọn ò ní rò pé n ò kàwé?" Gẹ̀ẹ́sì ló mú.

Ojú ìbéèrè yẹn ti rí nǹkan. FHFA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó Fannie Mae àti Freddie Mac, iléeṣẹ́ ńlá méjì tó ń ra gbèsè ilé lọ́wọ́ àwọn ayánilówó, kéde ní ọdún 2017 pé yóò wọ inú fọ́ọ̀mù tuntun. Ní ọdún 2019, àjọ náà ló tún yọ ọ́. Nígbà tó fi máa padà ní oṣù kẹta ọdún 2023, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi sí. Wọ́n dárúkọ Gẹ̀ẹ́sì, Sípáníìṣì, èdè Ṣáínà, ti Kòríà, ti Vietnam àti Tagalog. Yorùbá wà lára "òmíràn", ẹni tó bá fẹ́ ni yóò kọ ọ́ sí àlàfo. Ìwé náà sọ ọ́ kedere pé ìdáhùn kò ní ba ẹ̀yáwó ẹnikẹ́ni jẹ́, kò sì túmọ̀ sí pé ayánilówó ti ṣèlérí láti sọ èdè náà.

Gbólóhùn kejì yìí ni àwọn alátakò dì mú: wọ́n ní kí ni èrè bíbéèrè èdè tí a kò gbọ́? N kò bá wọn lọ. Ọjọ́ ìbuwọ́lùwé kọ́ ni èdè máa ń pa wá lára jù, nítorí ọmọ ẹni lè gbàyè níbi iṣẹ́ kó wá ṣe ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ọgbọ̀n ọdún ni, wọ́n sì lè gbé e láti ọwọ́ iléeṣẹ́ kan tó ń gba owó oṣooṣù bọ́ sí òmíràn. Bí àìsàn bá dé tí ìsanwó sì fà sẹ́yìn, ta ni yóò mọ̀ níbẹ̀ pé Yorùbá ni obìnrin yìí gbọ́ yékéyéké, bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá bá fáìlì rẹ̀ rìn?

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò rí i lójú ẹni pé kò yé e. Nítorí náà, iwájú fọ́ọ̀mù ni kí ìbéèrè yìí wà, kí a tó béèrè iye tí ènìyàn ń gbà lóṣù, kí wọ́n sì kọ gbólóhùn pé kò ní pa á lára gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lóòótọ́, ààrẹ Amẹ́ríkà buwọ́ lu àṣẹ kan ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025 tó sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìjọba, ṣùgbọ́n kò dí iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ láti bá oníbàárà rẹ̀ sọ èdè tó yé e.

Nígbà tí lẹ́tà dé pé owó-orí ilé ti gbé iye tí ẹ̀gbọ́n mi ń san lóṣù sókè, èmi náà ló tún pè, ní aago mẹ́wàá alẹ́.