Ta Ló Ni Ìbọn Ọwọ́ Mi Yìí?

Ẹ bá mi kí àwọn ará Èkó o. Ẹ kí wọn dáadáa, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí rẹ́ẹ̀dì kápẹ́ẹ̀tì nígbàkígbà tí fíìmù tuntun bá ti fẹ́ jáde yìí, ọpọlọ ló gbà, owó ló gbà, èmi ò lè ṣe é láéláé. Àńkárá tí mo wọ̀ lọ síbi ìkómọ ní Ṣómólú láàárọ̀ náà ni mo wọ̀ lọ sí Lẹ́kì nírọ̀lẹ́, mo kàn bu omi sójú ni. Ọmọbìnrin mi tó wá tíkẹ́ẹ̀tì fún èmi àti ìyá ẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀ o, ó ní "Dádì, tíìmù wà o, ayé àtijọ́ ni wọ́n ní kí gbogbo èèyàn múra bí i." Mo ní èmi gan-an ni ayé àtijọ́, kí ni kí n tún wọ̀?

Ìgbà tá a sọ̀ nínú mọ́tò tí mo rí àwọn tó dúró síwájú sinimá, mo bi ìyàwó mi bóyá ọdún egúngún ti bọ́ sí oṣù yìí ni. Ìrù aṣọ obìnrin kan gùn débi pé òun ti wọlé tán, aṣọ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń páàkì mọ́tò. Ọkùnrin kan dé adé. Adé ìlẹ̀kẹ̀ gidi, tó fi bojú, tẹ́yẹ wà lórí ẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá mo máa rí àyàn kan tó máa gbé ìlù ṣaworoidẹ jáde, torí ẹni tó bá ti wo fíìmù Túndé Kèlání ti 1999 yẹn mọ ohun tójú Lágàta rí nílùú Jogbo nígbà tó gbé adé tí kì í ṣe tiẹ̀ lórí tí wọ́n sì lùlù sí i. Àmọ́ ní Lẹ́kì, díjéè ló ń kọrin, orí ò fọ́ ẹnì kankan àfi èmi.

Gbogbo ìyẹn, mo fi jì wọ́n. Ẹni tí mi ò lè fi jì ni bọ̀bọ̀ alààdó.

Ọmọ náà ò ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ó gé irùngbọ̀n, ó fi òróró pa á, ó ń dán bí bàtà ṣọ́jà, ó wá wọ gbérí ọdẹ tí wọ́n so ààdó mọ́ láti ọrùn dé orúnkún. Mo kà á. Ààdó 41. Ẹ má bi mí bí mo ṣe ráyè kà á, ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí, fíìmù náà sì gùn. Jókòó gan-an tiẹ̀ kọ́, ààdó tó wà nídìí ò jẹ́ kó lè fara ti àga, ìdí kan ló gbé lé e bí ẹni tí oówo mú. Tó bá mí sínú, kọ̀rọ̀. Tó bá mí síta, kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Ọba ń sunkún nínú fíìmù, kọ̀rọ̀. Olorì ń kú lọ, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ìtàn náà rọ̀ mọ́, kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí mi ò tíì mọ ohun tí olorì yẹn wí.

Ṣebí a mọ̀ pé oògùn làwọn baba wa ń kó sínú ààdó. Mo wá ń rò ó pé kí ni ọmọ yìí kó sínú tiẹ̀. Bí wọ́n ṣe débi tí wọ́n ti ń pọfọ̀, ó ṣí ọ̀kan, Tom Tom ló mú jáde. Ó fún mi ní ẹyọ kan o, ẹ̀kọ́ ilé wà. Ó ṣí òmíì, nǹkan tí wọ́n ń kì bọtí gbọ́ orin ló wà níbẹ̀. Àkèrègbè kékeré tó wà níbàdí ẹ̀, páwà báǹkì ló wà nínú ẹ̀, wáyà tibẹ̀ jáde wọnú fóònù. Ọdẹ aperin! Tí erin bá pàdé ẹ̀ nígbó, wọ́n á jọ chárjì fóònù ni.

Mo fẹ́ gbàgbé ìbọn. Kó tó jókòó ló ti na ìbọn kan sí mi, ìbọn ṣakabùlà onígi, ó gùn tó ọ̀pá àsíá ilé ìwé, ó ní "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dì í mú, ẹ má bínú, sà." Àgbàlagbà bíi tèmi! Mo gbà á. Ẹni tó kúnlẹ̀ kí mi tó tún pè mí ní sà, kí ni kí n sọ fún un? Báyìí ni mo ṣe gbé ìbọn sórí ẹsẹ̀ tí mo ń wo fíìmù bí ọlọ́dẹ ilé ìfowópamọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sinimá tún wá ń tan iná tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, wọ́n ní Bàbá, ẹ gbé ìbọn yín sílẹ̀, ẹ ò jẹ́ kí àwọn tẹ́yìn ríran. Ìbọn mi!

Fíìmù ò tíì parí tó fi dìde, kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, ó ní òun ń bọ̀, wọ́n ń ya fídíò níta. Kò padà wá. Òun nìkan kọ́ o. Nígbà tí iná tàn, ìlà tiwa yẹn, èmi, ìyàwó mi, ìbọn àti gúgúrú ló kù síbẹ̀. Gúgúrú tí wọ́n ń fi bébà wé fún wa pẹ̀lú ẹ̀pà, tí wọ́n wá kó sínú ike tí wọ́n ń tà bí ẹni ta góòlù. Mo bi ọmọbìnrin kan tó wọ sányán níta pé báwo ni fíìmù yẹn ṣe rí lójú ẹ, ó ní háà Dádì, ó dùn gan-an, àwọn aṣọ yẹn! Mo ní ta ló wá kú nígbẹ̀yìn? Ó ní, "Ṣé ẹnì kan kú ni?"

Ibẹ̀ ni sùúrù mi tán sí. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ wá wo fíìmù ni àbí fíìmù ló wá wò yín? 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han ará Èkó ní Glover Memorial Hall, àtìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn ti ń kọjú sí àwòrán, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí i. Aláìlójútì gbogbo.

Bàbá mi mú mi lọ wo Jáyésinmi ti Ògúndé ní National Theatre, Ìgànmú. 1980 ni fíìmù yẹn jáde, ọdún kan lẹ́yìn fíìmù ẹ̀ tó ń jẹ́ Ayé, mo kéré, àmọ́ mo rántí pé aṣọ ibi iṣẹ́ ni bàbá mi wọ̀. Ta ló máa múra bí àjẹ́ wá síbi tí wọ́n ti ń wo àjẹ́ Ògúndé? Kò ní délé. Odidi oṣù kan ni mi ò fi lè dá lọ tọ̀ lóru, kọ́bọ̀ márùn-ún márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbà lọ́wọ́ mi kó tó sìn mí dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń sọ ọ́ títí dòní pé mo ṣì jẹ òun ní gbèsè. Fíìmù ló wọ̀ wá lára nígbà yẹn. Tiyín, aṣọ ni.

Bàbá Sàlá náà múra bí tiyín, kò sírọ́. Aago ògiri ló ń gbé kọ́rùn, táì ẹ̀ fẹ̀ ju àyà ẹ̀ lọ, férémù awò ojú ẹ̀ ò ní díńgí. Àmọ́ òun ni aláwàdà, àwa la sanwó wò ó. Nígbà tó wá kó owó lé Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè jí i ṣe sínú káséẹ̀tì, wọ́n ń wò ó nílé, gbèsè sì wọ bàbá lọ́rùn. Mo ṣì ń bínú sí wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àwọn olè yẹn wò ó! Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sìn ín jẹ káàkiri àdúgbò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sanwó, ẹ ò wò ó.

Tó bá tiẹ̀ di ọ̀rọ̀ olè, àna mi kan yá apá kejì Ti Olúwa Nilẹ̀ lọ́wọ́ mi. Fíìmù 1993, Ìdúmọ̀tà ni mo ti ra apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò dá a padà. Apá kìíní àti ìkẹta ló wà lọ́wọ́ mi, ẹnu ni mo fi ń sọ àárín ẹ̀ fún àwọn ọmọ mi, Ọ̀tún Aṣípa sì ń sá fún ikú kiri pálọ̀ ẹlẹ́ni.

Kì í ṣe pé tuntun ò dáa. Aníkúlápó tó jáde ní 2022, sínglẹ́ẹ̀tì ni mo fi wò ó nílé lẹ́ẹ̀mejì. A Tribe Called Judah ti 2023, ìyá kan àtàwọn ọmọkùnrin ẹ̀ márùn-ún tí wọ́n fẹ́ lọ jalè torí àìsàn ìyá wọn, aṣọ àdúgbò lásán ni wọ́n wọ̀, owó ẹ̀ ní sinimá sì kọjá ₦1 bílíọ̀nù. Omijé bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi ní kí n má sọ.

Ti alẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ohun tí mo rí láàárín kọ̀rọ̀ àti kọ̀rọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kámẹ́rà fò lórí ìlú bí àwòdì, gbogbo èèyàn ló ń pòwe, kò sẹ́ni tó dá ẹnì kan lóhùn, èékánná olorì sì gùn tó tàwọn tó wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo fura sí wọn. Ó jọ pé àwọn tó ṣe fíìmù náà ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wò ó.

Mo dúró de alààdó títí aago mọ́kànlá, mo ń tẹ́tí bóyá mo máa gbọ́ kọ̀rọ̀. Nígbà tó rẹ̀ wá, a gbé ìbọn sínú mọ́tò. Ọlọ́pàá dá wa dúró ká tó gun afárá, ó ní Bàbá, kí lèyí? Mo ní ìbọn ẹnì kan tó lọ wo fíìmù ni. Ó wo èmi, ó wo ìyàwó mi, ó ní ká máa lọ.

Ìbọn náà wà nílé wa ní Ṣómólú, ìyàwó mi ti ń fi í ti fèrèsé kíṣìnì. Tí ọmọ yẹn bá ka èyí, kó wá gbé e. Kó má wọ ààdó wá o, ajá pọ̀ ládùúgbò wa.